Orí Keje: Pólímà Oníṣẹ́, Pólímà Aṣàyàn àti Pólímà Àtẹ̀dáwá

Èròńgbà ẹ̀kọ́

Orí yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó ti kọ́ nípa ìdè kófálẹ́ńtì, áyọ́ọ̀nù àti ìṣírò mólù. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ohun tí pólímà jẹ́, kí ó sì ṣírò iye ìsopọ̀ inú ẹ̀wọ̀n rẹ̀;
2. sọ bí ohun tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n pólímà ṣe ń fún un níṣẹ́ ṣe;
3. ṣàpèjúwe ọ̀nà mẹ́rin tí pólímà ń gbà ṣa ohun kan yọ láàárín ọ̀pọ̀;
4. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín pólímà àtẹ̀dáwá àti pólímà ajẹrà;
5. ṣe ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti inú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀;
6. dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn ìtẹ̀síwájú tó bá ẹ̀ka ìmọ̀ yìí láti ọdún 2010.

7.1 Ìrántí nípa pólímà

Pólímà ni ohun tí mólékù rẹ̀ gùn gbọọrọ nítorí pé ọ̀pọ̀ mólékù kéékèèké ló so pọ̀ di ọ̀kan. Mólékù kékeré tí a fi kọ́ ọ ni mónómà. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni mónómà ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí okùn kankan láàárín wọn: ìdè kófálẹ́ńtì ni mónómà kọ̀ọ̀kan fi di èyí tó tẹ̀ lé e mú. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni à ń pè ní ẹ̀wọ̀n pólímà.

Títí di nǹkan bí ọdún 1920, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kẹ́mísìrì ló gbà pé àkójọ mólékù kéékèèké tó kàn fara mọ́ra ni rọ́bà àti sẹ́lúlóòsì. Hermann Staudinger, ọmọ Jámánì, ló kọ ọ́ ní 1920 pé mólékù gígùn gidi ni wọ́n, tí ìdè tó lágbára so láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ta kò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 1953.

Iye ìsopọ̀, tí a ń fi lẹ́tà *n* dúró fún, ni iye ìgbà tí ẹyọ kan náà tún ara rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀wọ̀n. A máa ń rí i báyìí:

*n* = ìwọ̀n mólù pólímà ÷ ìwọ̀n mólù ẹyọ kan

Àpẹẹrẹ 7.1. Ẹyọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú sẹ́lúlóòsì ni C₆H₁₀O₅. Bí ìwọ̀n mólù sẹ́lúlóòsì kan bá jẹ́ 1,620,000 g/mol, kí ni iye ìsopọ̀ rẹ̀? (C = 12, H = 1, O = 16)

*Ojútùú:* Ìwọ̀n ẹyọ kan = (6 × 12) + (10 × 1) + (5 × 16) = 162 g/mol. Nítorí náà, *n* = 1,620,000 ÷ 162 = 10,000.

Ẹ̀wọ̀n kan tún lè so mọ́ òmíràn. Ìdè tó bá so ẹ̀wọ̀n méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìdè agbedeméjì. Oje igi rọ́bà tó ti gbẹ máa ń yọ́ bí oòrùn bá mú, ó sì máa ń gan bí òtútù bá mú. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà fi imí ọjọ́ sí i, ó sì fi iná sí i. Imí ọjọ́ náà di ìdè agbedeméjì láàárín àwọn ẹ̀wọ̀n, rọ́bà náà sì di ohun tó ń nà tó sì ń padà sípò. Òun ni à ń fi ṣe táyà títí di òní.

Ìbéèrè mẹ́ta ni orí yìí yóò máa bi nípa pólímà kọ̀ọ̀kan. Èkíní: kí ló so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀? Èkejì: kí ló ń dì mú, kí ló sì ń jẹ́ kó kọjá? Ẹ̀kẹta: níbo ni kábọ́nù inú rẹ̀ ti wá? Ìdáhùn ọ̀kan kò lè dúró fún ti èkejì. Pólímà lè ti inú ìrèké wá kó má sì lè jẹrà; òmíràn lè ti inú epo rọ̀bì wá kó sì jẹrà.

7.2 Pólímà oníṣẹ́

Iṣẹ́ garawa oníke kò ju pé kó gba omi dúró kó má sì fọ́ lọ. Pólímà oníṣẹ́ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń fa omi mu, ó ń gbé iná mànàmáná kọjá, tàbí ó ń yí ìwà padà bí ooru bá yí padà. Ohun tó ń fún un lágbára yìí sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ aṣiṣẹ́, ìyẹn átọ́ọ̀mù mélòó kan tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n, bíi –COOH, –NH₂ tàbí –SO₃H.

7.2.1 Pólímà amumi

Ìyẹ̀fun funfun tó wà láàárín òwú inú pámpáàsì ọmọ jẹ́ pólímà amumi. Orúkọ rẹ̀ ni sódíọ̀mù poliakíríléètì. Nínú omi tí kò ní iyọ̀, ó lè fa omi tó ju ìlọ́po 200 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ohun mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀:

- Ẹgbẹ́ –COO⁻ pọ̀ lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Nítorí pé gbogbo wọn ló ní ẹrù òdì, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n tó ká jọ sì ń nà.
- Áyọ́ọ̀nù Na⁺ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti omi ìta lọ, nítorí náà omi ń wọlé nípa ọ́símósíìsì (wo 7.3.4).
- Ìdè agbedeméjì díẹ̀díẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀wọ̀n tú ká sínú omi. Pólímà náà wú, kò yòrò.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Peoria, ìpínlẹ̀ Illinois, ṣe irú pólímà yìí nípa síso ẹ̀ka pólímà mìíràn mọ́ ara sítáàṣì àgbàdo.

Ìdánwò 7.1: Pólímà amumi àti iyọ̀

*Ohun èlò:* pámpáàsì tuntun kan, sáàsì, ife tí a lè rí inú rẹ̀, omi 100 ml, síbí kékeré, iyọ̀.

*Ìlànà:*
1. Fi sáàsì la àárín pámpáàsì náà. Gbọn òwú rẹ̀ sórí bébà títí ìyẹ̀fun yóò fi jáde.
2. Da ìdajì síbí kékeré ìyẹ̀fun náà sínú ife, kí o sì da omi lé e.
3. Dúró fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà, rọra dojú ife dé.
4. Da síbí iyọ̀ kan sínú ohun tó wà nínú ife, kí o sì máa rò ó.

*Ohun tí a rí:* Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà di lọ́jú bí ẹ̀kọ tó tutù, kò sì dà nígbà tí a dojú ife dé. Nígbà tí iyọ̀ wọ̀ ọ́, ó tún ṣàn.

*Àlàyé:* Iyọ̀ mú kí áyọ́ọ̀nù Na⁺ pọ̀ níta bó ṣe pọ̀ nínú, nítorí náà omi jáde. Na⁺ náà tún bo ẹrù òdì ara ẹ̀wọ̀n mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ká jọ padà. Nítorí èyí ni pámpáàsì kò fi lè fa ìtọ̀, tó ní iyọ̀ nínú, tó bó ṣe ń fa omi lásán.

*Ìkìlọ̀:* Má fa ìyẹ̀fun náà símú, má sì jẹ́ kó kàn ọ́ lójú. Má dà á sí ojú páìpù omi, nítorí yóò wú níbẹ̀.

7.2.2 Pólímà tó ń gbé iná kọjá

Ike ni wọ́n fi ń bo wáyà iná nítorí pé iná kì í gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ní 1977, Hideki Shirakawa láti Japan, pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger ní Amẹ́ríkà, fi èéfín áyódíìnì kan pólímà tí ń jẹ́ poliasẹ́tílíìnì, agbára rẹ̀ láti gbé iná kọjá sì pọ̀ sí i ní ìlọ́po mílíọ̀nù. Nínú pólímà yìí, ìdè ẹyọ kan àti ìdè oníméjì ń gbàpò ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n dé òpin. Áyódíìnì fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ kúrò, àyè tó ṣẹ́ kù sì jẹ́ kí àwọn yòókù lè rìn lórí ẹ̀wọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2000.

7.2.3 Pólímà tó ń mọ ooru

Poli-N-áísópírópílì-akíríláámáídì, tí a gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí PNIPAM, máa ń yòrò nínú omi tútù. Bí omi náà bá gbóná kọjá nǹkan bí 32 °C, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á ká jọ, á sì ta omi dànù. Teruo Okano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo lo ìwà yìí fún ìwòsàn. Wọ́n tẹ́ PNIPAM fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn. Ní 37 °C, sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń dàgbà. Bí wọ́n bá mú abọ́ náà tutù, pólímà yóò gba omi, sẹ́ẹ̀lì yóò sì ká kúrò lódindi bí ẹní, láìjẹ́ pé a fi ẹ́nsáìmù já wọn.

7.3 Pólímà aṣàyàn

Pólímà aṣàyàn ni pólímà tó lè mú ohun kan kó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀, tàbí tó lè jẹ́ kí ohun kan kọjá kó sì dá àwọn yòókù dúró. Ọ̀nà mẹ́rin tó gbajúmọ̀ ni a ó yẹ̀ wò.

7.3.1 Nípa ẹrù: pàṣípààrọ̀ áyọ́ọ̀nù

Ní 1935, Adams àti Holmes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé pólímà àtọwọ́dá lè gba áyọ́ọ̀nù kan kó sì fi òmíràn sílẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ hóró róbótó polisitáírínì tó ní ìdè agbedeméjì, tí ẹgbẹ́ –SO₃⁻ sì so mọ́ ọn.

Omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa ni omi líle. Áyọ́ọ̀nù Ca²⁺ àti Mg²⁺ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gba àárín hóró náà kọjá:

2 R–SO₃Na + Ca²⁺ → (R–SO₃)₂Ca + 2 Na⁺

Ca²⁺ ní ẹrù méjì, Na⁺ ní ẹyọ kan. Nítorí náà ẹgbẹ́ –SO₃⁻ di Ca²⁺ mú ju Na⁺ lọ. Nígbà tí hóró bá kún, a ó da omi iyọ̀ kíkankíkan sí i. Na⁺ yóò pọ̀ débi pé yóò lé Ca²⁺ jáde, a ó sì tún lè lo hóró náà.

7.3.2 Nípa ìsopọ̀ mọ́ irin: káítósáànù

Èèpo akàn àti edé ní káítìnì nínú, pólímà tó jọ sẹ́lúlóòsì. Bí a bá sè é nínú sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì kíkankíkan, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ asẹ́táìlì rẹ̀ yóò já kúrò, ẹgbẹ́ –NH₂ yóò sì kù. Ohun tuntun yìí ni káítósáànù.

Náítírójìn inú –NH₂ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí kò fi so mọ́ nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù bàbà, òjé àti mákúrì ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí dáadáa. Na⁺ àti Ca²⁺ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n. Nítorí náà, káítósáànù lè mú irin olóró kúrò nínú omi kó sì fi iyọ̀ lásán sílẹ̀. Ìṣòro kan ni pé káítósáànù máa ń yòrò nínú omi tó ní ásíìdì. Ìdè agbedeméjì ni àwọn onímọ̀ ń fi sí i kó má bàa yòrò.

7.3.3 Nípa ìrísí: pólímà àwòṣe

Pólímà àwòṣe ní ihò tí ìrísí rẹ̀ bá mólékù kan ṣoṣo mu. Günter Wulff ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1972. Klaus Mosbach ní Lund, orílẹ̀-èdè Sweden, sì mú un gbòòrò sí i. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló ní:

1. A ó mú mólékù tí a fẹ́ kí pólímà mọ̀. Òun ni àwòṣe.
2. A ó fi mónómà tó lè fara mọ́ ọn yí i ká.
3. A ó so àwọn mónómà náà pọ̀ pẹ̀lú ìdè agbedeméjì púpọ̀, kí ohun gbogbo le síbi tó wà.
4. A ó fọ àwòṣe náà kúrò. Ihò tó fi sílẹ̀ ní ìrísí rẹ̀, ẹgbẹ́ aṣiṣẹ́ inú ihò náà sì wà ní ipò tó yẹ láti tún dì í mú.

Àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ń lo irú pólímà báyìí láti ṣa oògùn chloramphenicol yọ nínú oyin àti wàrà kí wọ́n tó wọn iye tó wà níbẹ̀.

7.3.4 Nípa ìkọjá: awọ asẹ́

Bí awọ tó ń jẹ́ kí omi nìkan kọjá bá wà láàárín omi lásán àti omi iyọ̀, omi lásán yóò máa lọ sọ́dọ̀ omi iyọ̀. Èyí ni ọ́símósíìsì. Bí a bá fi agbára ti omi iyọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, nǹkan bí 27 bar fún omi òkun, omi yóò gba ọ̀nà ìdàkejì, iyọ̀ yóò sì kù sẹ́yìn. Èyí ni ọ́símósíìsì àdàkejì.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ní Yunifásítì California ní Los Angeles ṣe awọ asẹ́ láti inú sẹ́lúlóòsì asẹ́téètì. Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé ojú rẹ̀ nìkan ló dí pinpin tó sì fẹ́lẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ihò, nítorí náà omi yára kọjá. Ní 1965, ìlú Coalinga ní California bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tí awọ yìí sẹ́. Lẹ́yìn náà, John Cadotte ṣe awọ políámáídì tó fẹ́lẹ́ jọjọ, tí a tẹ́ sórí awọ mìíràn tó gbé e dúró. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù lónìí, títí kan ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá àti omi inú ike ní Nàìjíríà.

7.4 Pólímà àtẹ̀dáwá

Pólímà àtẹ̀dáwá ni pólímà tí kábọ́nù inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan, ti ara ohun alààyè wá: ewéko, ẹranko tàbí kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà wá.

7.4.1 Èyí tí ohun alààyè fúnra rẹ̀ ṣe

Sẹ́lúlóòsì, sítáàṣì, káítìnì àti rọ́bà inú igi *Hevea brasiliensis* wà ní ìsọ̀rí yìí. Anselme Payen, ọmọ Faransé, ló ya sẹ́lúlóòsì sọ́tọ̀ ní 1838. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ nípa rọ́bà wà ní Iyanomo, nítòsí ìlú Benin.

Sẹ́lúlóòsì àti sítáàṣì fi hàn kedere pé bí a ṣe so mónómà pọ̀ ṣe pàtàkì bíi mónómà fúnra rẹ̀. Gúlúkóòsì ni a fi kọ́ àwọn méjèèjì. Nínú sítáàṣì, ìdè tó so wọ́n jẹ́ irú α. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń ká bí okùn tí a wé, ẹ́nsáìmù inú ara wa sì lè já a. Nínú sẹ́lúlóòsì, ìdè náà jẹ́ irú β. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tọ́, wọ́n ń tò sún mọ́ra, ìdè háídírójìn sì so wọ́n pinpin. Nítorí náà ni a ṣe lè jẹ ẹ̀gẹ́ kó sì dà nínú, tí òwú kò sì lè dà.

Ìdánwò 7.2: Ọ̀rá láti inú sítáàṣì ẹ̀gẹ́

*Ohun èlò:* sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbẹ 10 g, omi 60 ml, gílísárìn 5 ml, fíníígà 5 ml, ìkòkò kékeré, síbí onígi, abọ́ pẹrẹsẹ.

*Ìlànà:*
1. Po sítáàṣì mọ́ omi tútù títí kò fi ní í ní kókó. Fi gílísárìn àti fíníígà sí i.
2. Gbé e ka iná tí kò lágbára, kí o sì máa rò ó láìdúró.
3. Nígbà tí funfun rẹ̀ bá pòórá tó sì ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
4. Tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó fẹ́lẹ́, kí o sì fi í síbi tí atẹ́gùn wà fún ọjọ́ méjì.
5. Ṣe òmíràn láìfi gílísárìn sí i.

*Ohun tí a rí:* Àyípadà láti funfun sí dídán máa ń wáyé ní nǹkan bí 65 °C. Èyí tó ní gílísárìn á ká, á sì rọ̀. Èyí tí kò ní í á gan, á sì ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́.

*Àlàyé:* Ooru àti omi mú kí hóró sítáàṣì wú kó sì bẹ́, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ sì jáde. Ásíìdì inú fíníígà ń já díẹ̀ lára àwọn ẹ̀ka ẹ̀wọ̀n náà. Gílísárìn ni èròjà amúrọ̀: ó wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n, ó dín ìdè háídírójìn àárín wọn kù, wọ́n sì lè yọ̀ lórí ara wọn. Bí a bá rẹ ọ̀rá náà sínú omi, yóò wú, yóò sì rọ̀ jù, nítorí pé ẹgbẹ́ –OH tó pọ̀ lára sítáàṣì ń fa omi. Àbùkù yìí ló fà á tí wọ́n fi máa ń lú sítáàṣì pọ̀ mọ́ pólímà mìíràn.

7.4.2 Èyí tí mónómà rẹ̀ ti ara ewéko wá

Bakitéríà ló ń sọ ògì di kíkan, nípa sísọ ṣúgà inú rẹ̀ di láktíìkì ásíìdì. Ásíìdì kan náà, tí bakitéríà ṣe nínú àgbá ńlá láti inú ṣúgà àgbàdo tàbí ìrèké, ni wọ́n fi ń ṣe poliláktíìkì ásíìdì, ìyẹn PLA. A kọ́kọ́ sọ mólékù méjì ásíìdì náà di òrùka kan tí ń jẹ́ láktáìdì, lẹ́yìn náà a ó ṣí òrùka náà kó lè so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n. Bí a bá kàn so ásíìdì náà pọ̀ tààrà, omi tó ń jáde lójú ìsopọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n gùn tó.

PLA dára fún ife, abọ́ àti okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ ní nǹkan bí 60 °C, nítorí náà ife PLA lásán á wọ́ bí a bá da tíì gbígbóná sí i. Wọ́n tún ń so láktíìkì ásíìdì pọ̀ mọ́ gláíkọ́líìkì ásíìdì láti ṣe okùn tí dókítà fi ń rán ọgbẹ́. Ara fúnra rẹ̀ ló ń já okùn náà tán díẹ̀díẹ̀.

7.4.3 Èyí tí kòkòrò àìfojúrí ń tò pamọ́

Ní 1926, Maurice Lemoigne ní Paris rí i pé bakitéríà *Bacillus megaterium* ń tò pólímà kan pamọ́ sínú ara rẹ̀. Pólímà náà ni poliháídírọ́sìbútíréètì, PHB. Bakitéríà ń lò ó bí ara wa ṣe ń lo ọ̀rá: nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ tí náítírójìn sì wọ́n, á kó o jọ, nígbà tí ebi bá dé, á jẹ ẹ́. Nínú irú bakitéríà kan, PHB lè tó 80% ìwọ̀n ara gbígbẹ. Nítorí pé bakitéríà ló ṣe é, ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ilẹ̀ ló ní ẹ́nsáìmù tó lè já a.

7.5 Orísun àti ìjẹrà

Pólímà ajẹrà ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí lè jẹ títí yóò fi di omi àti kábọ́nù dáyọ́ksáìdì, tàbí mẹ́tíìnì níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Irú ìdè inú ẹ̀wọ̀n ló ń pinnu èyí, kì í ṣe ibi tí kábọ́nù ti wá. Ẹ́nsáìmù lè já ìdè ẹ́sítà nínú PHB. Ìdè C–C tó wà nínú políẹ́tílíìnì ṣòro fún un gidigidi.

| Pólímà | Orísun kábọ́nù | Ìjẹrà |
|---|---|---|
| Políẹ́tílíìnì ọ̀rá omi | epo rọ̀bì, gáàsì | kì í jẹrà |
| Políẹ́tílíìnì ìrèké | ìrèké | kì í jẹrà |
| PBAT (pólímà tó ní ìdè ẹ́sítà) | epo rọ̀bì | ń jẹrà nínú ààtàn tí a ń tọ́jú |
| PLA | àgbàdo, ìrèké | ń jẹrà nínú ààtàn gbígbóná |
| PHB | bakitéríà tí a fi ṣúgà bọ́ | ń jẹrà nínú ilẹ̀ |

Ilé iṣẹ́ Braskem ní Triunfo, orílẹ̀-èdè Brazil, ti ń fi ọtí ìrèké ṣe políẹ́tílíìnì láti 2010. Mólékù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì rárá, nítorí náà bí a bá jù ú sí gọ́tà, yóò pẹ́ níbẹ̀ bíi ti èkejì rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé inú afẹ́fẹ́ òde òní ni ìrèké ti mú kábọ́nù náà.

Ìlànà EN 13432 ti ilẹ̀ Yúróòpù béèrè pé kí ó kéré tán 90% pólímà jẹrà láàárín oṣù 6 nínú ààtàn ilé iṣẹ́, níbi tí ooru ti ga ju ti ilẹ̀ lásán lọ. PLA tó yege níbẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ oko tàbí nínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹrà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fúùmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ yan ohun tí yóò rọ́pò irú abọ́ bẹ́ẹ̀ níláti béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni wọ́n fi ṣe é, àti níbo ni yóò ti jẹrà?

Wíwọn apá tó jẹ́ àtẹ̀dáwá. Ohun alààyè ní kábọ́nù-14 díẹ̀ nínú, tí ìdajì rẹ̀ ń tán ní ọdún 5,730. Epo rọ̀bì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kábọ́nù-14 rẹ̀ sì ti tán. Nítorí náà, wíwọn kábọ́nù-14 ń sọ iye kábọ́nù tó ti ara ohun alààyè wá.

Àpẹẹrẹ 7.2. Ẹyọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú PET, ike ìgò ẹlẹ́ridòdò, ni C₁₀H₈O₄. Kábọ́nù 2 àti ọ́síjìn 2 inú rẹ̀ wá láti ẹ́tílíìnì gláíkọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí –OCH₂CH₂O–. Bí gláíkọ́ọ̀lù yìí nìkan bá ti ara ìrèké wá, ìdá mélòó ni PET náà jẹ́ àtẹ̀dáwá?

*Ojútùú:* Nípa kábọ́nù: 2 ÷ 10 = 20%. Nípa ìwọ̀n: ẹyọ gláíkọ́ọ̀lù = 60 g, odindi ẹyọ = 192 g; 60 ÷ 192 = 31%. Ìgò PlantBottle tí Coca-Cola gbé jáde ní 2009 jẹ́ irú èyí, ó sì jẹ́ pé nípa ìwọ̀n ni wọ́n fi ń sọ pé apá tó ti ara ewéko wá lè tó 30%. Ẹni tó bá ka irú ìdá bẹ́ẹ̀ níláti mọ ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n.

7.6 Ìtẹ̀síwájú láti 2010

Fítírímà. Ike tó ní ìdè agbedeméjì púpọ̀ kì í yọ́, nítorí náà a kò lè tún un mọ. Ní 2011, Ludwik Leibler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ṣe irú kan, tí wọ́n pè ní fítírímà, tí ìdè rẹ̀ ń pàrọ̀ ọwọ́ bí ooru bá pọ̀, láìjẹ́ pé iye ìdè náà dín kù. A lè fi ooru mọ ọ́n lọ́tun, síbẹ̀ kò ní í yòrò.

Ẹ́nsáìmù tó ń já PET. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Japan kéde bakitéríà kan tí wọ́n rí ní ìlú Sakai, *Ideonella sakaiensis*, tó ń fi PET ṣe oúnjẹ. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Faransé láti Toulouse àti ilé iṣẹ́ Carbios tún ẹ́nsáìmù mìíràn ṣe, ó sì já 90% PET padà di mónómà láàárín wákàtí 10. Mónómà náà ṣe é fi ṣe ìgò tuntun.

PEF. A ń fi ṣúgà èso ṣe mónómà kan tó ní òrùka fúráànù, a sì ń so ó pọ̀ mọ́ ẹ́tílíìnì gláíkọ́ọ̀lù. Pólímà tó jáde, PEF, ń dá ọ́síjìn dúró ju PET lọ. Ìyẹn ni pé ó jẹ́ àtẹ̀dáwá, ó sì jẹ́ aṣàyàn. Ilé iṣẹ́ Avantium ṣí ibi tí yóò ti máa ṣe mónómà rẹ̀ ní Delfzijl, orílẹ̀-èdè Netherlands, ní 2024.

7.7 Àkópọ̀

- Pólímà jẹ́ mólékù gígùn tí a fi mónómà kọ́. Iye ìsopọ̀ ń sọ bó ṣe gùn tó.
- Ẹgbẹ́ aṣiṣẹ́ àti bí ìdè ṣe tò lórí ẹ̀wọ̀n ló ń fún pólímà oníṣẹ́ ní agbára rẹ̀.
- Pólímà aṣàyàn ń lo ẹrù, ìsopọ̀ mọ́ irin, ìrísí tàbí ìkọjá.
- Pólímà àtẹ̀dáwá lè jẹ́ èyí tí ohun alààyè ṣe, èyí tí a fi mónómà ewéko kọ́, tàbí èyí tí bakitéríà tò pamọ́.
- Orísun kò pinnu ìjẹrà. Irú ìdè, ooru àti ibi tí pólímà wà ló ń pinnu rẹ̀.

Ìdánrawò

*Apá A: Ìbéèrè kúkúrú*

1. Ṣàlàyé àwọn wọ̀nyí: (a) ìdè agbedeméjì (b) ẹgbẹ́ aṣiṣẹ́ (d) èròjà amúrọ̀.
2. Kí ló fà á tí pólímà amumi kì í fi í yòrò nínú omi?
3. Sọ ìdí tí hóró pàṣípààrọ̀ áyọ́ọ̀nù fi ń yan Ca²⁺ ju Na⁺ lọ, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ dọ̀tun.
4. Gúlúkóòsì ló wà nínú òwú àti ẹ̀gẹ́. Kí nìdí tí ọ̀kan fi ń dà nínú ikùn tí èkejì kò sì dà?
5. To ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń ṣe pólímà àwòṣe.

*Apá B: Ìṣírò* (C = 12, H = 1, O = 16, Ca = 40)

6. Ẹyọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú PLA ni C₃H₄O₂. Bí ìwọ̀n mólù PLA kan bá jẹ́ 144,000 g/mol, wá iye ìsopọ̀ rẹ̀.
7. Hóró kan ní ẹgbẹ́ –SO₃⁻ mólù 2 nínú lítà kan. Gíráàmù Ca²⁺ mélòó ni lítà kan hóró náà lè mú?
8. Bí gbogbo mónómà PET méjèèjì bá ti ara ewéko wá, ìdá mélòó nínú kábọ́nù rẹ̀ ni yóò jẹ́ àtẹ̀dáwá? Ṣé yóò tipa bẹ́ẹ̀ di ajẹrà? Ṣàlàyé.

*Apá D: Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìjíròrò*

9. Tún Ìdánwò 7.2 ṣe pẹ̀lú gílísárìn 2 ml, 5 ml àti 10 ml. Wọn bí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣe nà tó kó tó já, kí o sì ya àwòrán gíráàfù rẹ̀.
10. Oníṣòwò kan kọ "ọ̀rá tí a fi ewéko ṣe, kò lè ba àyíká jẹ́" sára ọjà rẹ̀. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kí a bi í kí a tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kí o sì sọ irú ẹ̀rí tó lè dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.